Ẹ̀rọ Ní Kò Sẹ́ni Tó Ń Ka Ìwé Bàbá Mi

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ́ iṣẹ́ kan náà láyé mi, ó sì ti sú mi. Mo kọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú káàdì àti pẹ́ńsù. Nígbà tí mo dé ìlú òyìnbó, wọ́n ní ohun tí mo mọ̀ kò wúlò mọ́, mo tún un kọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n tán, ọwọ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá, ni wọ́n tún ní kọ̀ǹpútà yẹn náà ti di ti ayé àtijọ́, pé ètò tuntun ti dé, kí gbogbo wa wá jókòó kí wọ́n kọ́ wa bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bí wọ́n bá tún ní àwọn fẹ́ kọ́ mi ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti lọ sọ́jà.

Ìyá Ṣadé ló kọ́ mi ní ti àkọ́kọ́. Òun ni ọ̀gá ilé ìkàwé kékeré kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Obìnrin náà kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ti yọ gíláàsì ojú rẹ̀, kí olúwarẹ̀ yáa tètè ronú ohun tó ṣe. Òfin méjì ló ní. Òǹkàwé kò gbọdọ̀ dá ìwé padà sórí pẹpẹ fúnra rẹ̀. Kó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwa òṣìṣẹ́ á kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó fa ìlà kan fún ìwé kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá kan, kí a lè mọ èyí tí àwọn èèyàn ń kà bí wọn ò tiẹ̀ yá a lọ sílé. Òfin kejì ni pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ kúrò nílé ìkàwé wa láìjẹ́ pé ẹnìkan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn.

"A kì í gbọ́ orúkọ ìwé ká kàn lé e jáde," a máa wí. "Ṣí i wò ná. O ò mọ ohun tó gbé sínú."

Mo gbọ́ ọ títí etí mi fi kún. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ilé ìkàwé òyìnbó kì í ṣe títóbi rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ọ́fíìsì ni. Ní ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kí gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo béèrè bí wọ́n ṣe jí, mo béèrè àwọn ará ilé. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹrin, mo rí i pé wọ́n ti ń wo ojú ara wọn. Ọ̀gá mi, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó ti ìyá mi, ní kí n má pe òun ní "Mà" mọ́, pé Hẹ́lìn ni orúkọ òun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu mi pe ẹni tó lè bí mi lọ́mọ ní Hẹ́lìn? Fún oṣù méjì, mi ò pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ, màá lọ dúró síbi tí yóò ti rí mi, màá sì máa dúró títí yóò fi gbójú sókè.

Ẹ̀ka ìwé orí ẹ̀rọ ni wọ́n fi mí sí. Mo ń sọ fún àwọn ará ilé pé ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì rò pé mo ń gbé ìwé. Odidi ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ọwọ́ mi má kan bébà. Ìwé orí ẹ̀rọ kì í sì í ṣe tiwa. Ẹni tó ni ín ló ń yá wa lò, ọdọọdún la ń tún àdéhùn ṣe. Bí àdéhùn bá parí lónìí, òǹkàwé tó wà lójú ewé ogójì á bá ilẹ̀kùn ní títì lọ́la. Wọ́n tún máa ń dì í pọ̀ bíi bélì òkìrìkà ni, ẹni tó fẹ́ ìwé mẹ́wàá gbọ́dọ̀ gba ẹgbẹ̀rún. Bí mo bá ń ka àwọn àdéhùn wọ̀nyẹn, ara mi kì í gbà á. Èmi náà ní tèmi, àṣẹ ìgbélùú tó wà nínú káàdì pélébé kan tí mo ń gbé kiri nínú báàgì, ọjọ́ tó máa parí wà lára rẹ̀. Mo ń gbé ìlú yìí, mo ń san owó orí, mo mọ orúkọ ajá aládùúgbò mi, síbẹ̀ ẹnìkan lè tẹ bọ́tìnì kan níbì kan kí n bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Bàbá mi, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kọ ìwé pélébé kan nígbà tí mo wà ní kékeré. *Àwọn Kànga Àdúgbò Wa* ni wọ́n pè é. Ìwé nípa gbogbo kànga tí wọ́n gbẹ́ ní àdúgbò wa kí omi ẹ̀rọ tó dé ni: ẹni tó gbẹ́ ẹ, àwọn tó ń pọnmi níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti dí pa. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, bébà ńlá kan wà tí wọ́n ká ní ìká mẹ́rin, àwòrán àdúgbò tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn yà. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà kiri, ìyá mi ni wọ́n sì jọ ń di okùn ìwọ̀n mú. Ìyá mi ti kú báyìí.

Òyìnbó olùwádìí kan tó wá sí ìlú nígbà náà gba ẹ̀dà kan lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni lẹ́tà ọpẹ́ dé láti ilé ìkàwé kan lókè òkun, pé ìwé náà ti dé ọwọ́ àwọn, àwọn sì ti gbé e sórí pẹpẹ. Bàbá fi férémù sí lẹ́tà náà, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìgbéyàwó wọn. Nígbà tí mo ń wá iṣẹ́, orúkọ tó wà lókè lẹ́tà yẹn ni mo kọ́kọ́ wá, Ọlọ́run sì bá mi ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo débẹ̀, mo wá ìwé náà lọ. Ó wà láàárín ìwé gbàǹgbà méjì, bí ọmọdé tí wọ́n mú jókòó sáàárín àwọn àgbà. Mo fà á yọ, mo ka ojú ewé kìíní lórí ìdúró, mo sunkún díẹ̀, mo dá a padà síbi tó wà. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí àárò ilé bá sọ mí, ibẹ̀ ni màá ti lo ìsinmi ọ̀sán mi. Mi ò yá a lọ sílé rí. Kí ni mo fẹ́ yá a ṣe? Mo mọ ibi tí màá ti rí i. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ti bébà ni mo fẹ́ràn.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo bá pe ilé, lẹ́yìn tí mo bá ti kí Bàbá, tí wọ́n ti béèrè bóyá mo jẹun, bóyá mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bi mí léèrè pé, "Ìwé mi ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

"Ṣé àwọn òyìnbó ń kà á?"

"Wọ́n ń kà á, sà."

Irọ́ ni. Mi ò tíì rí ẹyọ ẹnìkan tó fọwọ́ kàn án yàtọ̀ sí èmi.

Ìgbà náà ni ètò tuntun dé. Wọ́n ní ojú kan ṣoṣo ni a ó ti máa rí gbogbo ìwé, ti bébà àti ti ẹ̀rọ. Ọkùnrin tó wá kọ́ wa rẹ́rìn-ín láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí à ń fi bọ́tìnì kan ṣe tẹ́lẹ̀ di bọ́tìnì márùn-ún, bí a bá sì béèrè ìdí, á ní ó ti rọrùn sí i báyìí ni. Ìwé tó wà lórí pẹpẹ níwájú mi, ètò ní kò sí. Èyí tó ti sọnù láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ètò ní ó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá bá mi pé òun tẹ orúkọ ìwé kan, ó gbé òun lọ síbi tí wọ́n ti ń bi òun ní páásíwọ́ọ̀dù tí òun kò ní. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ètò náà nígbà mẹ́jọ. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà mẹ́jọ, wọ́n ní kí n máa dúró.

Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe kíákíá, ìyẹn ni ìwé lílé jáde. Ó lè fi ìwé bébà wé ti orí ẹ̀rọ, kó to gbogbo èyí tó ní ìkejì lórí ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò sì yá láti ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Àwọn aláṣẹ fẹ́ kó àga àti tábìlì sí ibi tí pẹpẹ wà. Hẹ́lìn fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ sí mi ní Ọjọ́rú, ó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìlà lọ. Mo yẹ ojú ewé méjì wò, ètò náà ń dúró, ó ń lọ, ó ń dúró. Bọ́tìnì kan wà lókè tí èèyàn lè fi fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tẹ̀ ẹ́, mo sì lọ po tíì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá pè mí fúnra wọn, wọn kì í sì í pè mí. Wọ́n ní àwọn régbérégbé wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà nílùú, fẹ́ tún ìwé kànga yẹn tẹ̀. Kò sì sí ẹ̀dà kankan mọ́. Ikán ti jẹ páálí tí wọ́n kó o sí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ilé ìtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ sì ti di ilé epo.

"Ojú ọ̀tún ti lọ," ni Bàbá wí. "Ti òsì ti ń tẹ̀lé e. Mo fẹ́ yẹ àwòrán yẹn wò fúnra mi kí ojú yìí tó ṣú tán. Ibì kan wà níbẹ̀ tí kò dá mi lójú. Bí wọ́n bá tẹ àṣìṣe mi lẹ́ẹ̀kejì, kò ní sẹ́ni tó máa tún un ṣe mọ́."

"Ẹ má da ara yín láàmú, sà. Ó ti wà lórí ẹ̀rọ. Màá fi ránṣẹ́ báyìí."

Inú mi dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ní ó ti tó ìgbà kan tí iṣẹ́ mi máa wúlò fún ẹni tó bí mi. Mo fi ojú ọ̀nà ìwé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Bọ́lá, tó ń gbé pẹ̀lú Bàbá. Kò pẹ́ tó fi pè mí padà.

"Ó ní ká yan ilé-ẹ̀kọ́ wa."

"Ilé-ẹ̀kọ́ wo?"

"Èwo ni kí n mọ̀? Ó to orúkọ sílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Améríkà, Jámánì, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀."

Mo gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́yìn rẹ̀. "Bá mi wá èyí tí mo ti ṣe olùkọ́ àgbà."

"Kò sí níbẹ̀, sà."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó, sà. Kò sí Ìjẹ̀bú kankan níbẹ̀."

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí inú bá ń bí wọn, ńṣe ni ohùn wọn máa ń lọ sílẹ̀.

"Ìwé tí mo kọ," wọ́n ní, "ni wọ́n ní kí n lọ mú ẹni tó mọ̀ mí wá kí n tó lè kà?"

Mo ní màá bá wọn ya àwòrán rẹ̀ láti ọ́fíìsì ní ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ṣí ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà mi. Gbogbo ojú ewé ló pé. Mo wá dé ẹ̀yìn. Ẹni tó ya ìwé náà sínú ẹ̀rọ kò tú bébà tí wọ́n ká. Ó gbé e sábẹ́ iná bó ṣe wà ní kíká, ó yà á, ó sì kọjá sórí ìwé mìíràn. Igun kan ṣoṣo ló hàn, ìdajì ọ̀nà kan àti kànga kan tí kò lórúkọ. Mo sáré lọ sídìí pẹpẹ kí n lè mú bébà gan-an wá.

Àwọn ìwé gbàǹgbà méjèèjì ti fara ti ara wọn. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn.

Mo rántí bọ́tìnì yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín pẹpẹ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Kì í ṣe òyìnbó, kì í ṣe ètò, èmi ọmọ ẹni tó kọ ìwé ni mo fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó o dànù, nítorí tíì. Ìyá Ṣadé yọ gíláàsì ojú rẹ̀ nínú ọkàn mi, ó sì ń wò mí.

Àwọn ìwé tí a bá lé jáde, ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n máa ń kó wọn sí kí lọ́rì tó wá kó wọn lọ fún àwọn tó ń lọ bébà kúnná. Dẹ́rẹ́kì ló ń mójú tó ibẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tí ìkíni mi kò tíì yà lẹ́nu rí. Òun nìkan ló máa ń bi mí padà pé ilé ńkọ́. Ó ní lọ́rì kan ti kó ìdajì lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ìdajì tó kù rèé, inú àgò onírin mọ́kànlá, àárọ̀ ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá kó o.

"Àwọ̀ wo ni?" ó bi mí.

"Pupa tó ti ṣá. Kò nípọn rárá."

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti agogo méjìlá ọ̀sán. Nígbà tó yá, ó bi mí pé kí ló wà nínú ìwé náà gan-an.

"Kànga," ni mo fèsì.

"Kànga omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nínú àgò kẹsàn-án, nígbà tí mo ti ń ronú irọ́ tí màá pa fún Bàbá, ó fa ìwé ńlá kan yọ, ó gbọ̀n ọ́n, ìwé pélébé pupa kan sì já bọ́ láti inú rẹ̀. Mo tú bébà ẹ̀yìn rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Gbogbo ọ̀nà ló wà níbẹ̀, gbogbo kànga. Mo ti ń ka ìwé yìí láti ọdún mélòó kan, èmi náà kò tú bébà yẹn rí, ẹ̀rù ń bà mí kó má ya. Mo sì ti gbàgbé pé Bàbá ló ya ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá mi ló kọ orúkọ àwọn kànga náà. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Òun ló kọ orúkọ mi sára gbogbo ìwé iléèwé mi. Mo sunkún gidi lọ́jọ́ yẹn, Dẹ́rẹ́kì sì wojú òrùlé títí mo fi ṣe tán.

Mo gbé ìwé náà lọ bá Hẹ́lìn, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí mo ṣe. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

"Lójú ètò, ìwé yìí kò sí mọ́," ó ní. "Kì í ṣe tiwa mọ́. Máa mú un lọ sílé."

Inúure ló fi sọ ọ́. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mo fẹ́. Mo gbé fóònù síwájú ìwé náà, mo pe Bàbá, mo tú àwòrán náà síwájú wọn. Ìyá Bọ́lá ń bá wọn di fóònù mú, ojú òsì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì rẹ̀. Wọ́n ń ka àwọn kànga náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ta ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n dúró lórí ọ̀kan.

"Òun nìyẹn. Apá òsì ọ̀nà ni mo fi í sí. Ìyá rẹ ní apá ọ̀tún ni, mo bá a jiyàn títí a fi délé, mo ní èmi ni mo mú okùn." Wọ́n fi ìka kan gíláàsì. "Apá ọ̀tún ni. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kọ ọ́ pé ìyá rẹ ló jàre."

Mo kọ ọ́. Mo wá bi wọ́n bóyá kí n mú ìwé náà bọ̀ wálé, níwọ̀n ìgbà tí Hẹ́lìn ti fi í ta mí lọ́rẹ.

"Kí ikán lè rí oúnjẹ?" ni Bàbá wí. "Dá a padà síbi tó wà. Lẹ́tà wọn ṣì wà lára ògiri mi. Àbí ó yẹ kí n yọ ọ́ ni?"

Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí láti dá ìwé olójú ewé ogójì padà sínú ètò. Ó bi mí ní ìdí tí mo fi ń dá a padà, ó to ìdí mẹ́fà sílẹ̀, kò sí èyí tó jọ tèmi nínú wọn. Mo yan "Òmíràn". Ó ní kí n ṣàlàyé, àyè tó fún mi kò gba ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀rọ kò tú bébà ẹ̀yìn. Ètò ní ọ̀gá mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Hẹ́lìn wá síbi tábìlì mi, ó ní kí n tú bébà náà kí òun wò ó. Ó bi mí pé ilé wa dà. Mo fi ọwọ́ hàn án, mo ní, "Ibí yìí ni, Mà," kò sì bá mi wí. Ó fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, ìwé kankan kì í kúrò níbẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣí i wò, iṣẹ́ sì ti falẹ̀, àwọn aláṣẹ ń bínú. Ohun tí lọ́rì àkọ́kọ́ kó lọ, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì lè mọ̀ ọ́n mọ́ láé.

Ètò náà kò sì tíì gbọ́n. Ìwé tí wọ́n bá kà lórí ìdúró, kò mọ̀ ọ́n; èyí tí wọ́n bá yá lọ sílé nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Nítorí náà, lóṣooṣù, mo máa ń gbé *Àwọn Kànga Àdúgbò Wa* lọ síwájú ẹ̀rọ, màá fi káàdì mi yá a, màá gbé e lọ sílé, màá sì dá a padà lọ́jọ́ kẹta. Ó ń bí mi nínú pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́dọ̀ rí, ṣùgbọ́n mò ń ṣe é.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo pe ilé. Wọ́n ti tẹ ìwé tuntun náà, ó ti wà lọ́wọ́ àwọn régbérégbé. Bàbá kò lè kà á mọ́, Ìyá Bọ́lá ló ń kà á fún wọn. Mo kí wọn, mo ní mo ti jẹun, mo ní mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìwé mi ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

"Ṣé àwọn òyìnbó ń kà á?"

"Ẹnìkan yá a lọ sílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, sà. Ó wà nínú àkọsílẹ̀."

"Òyìnbó ni?"

"Rárá, sà. Ọmọ àdúgbò yín ni."

Mo gbọ́ bí Ìyá Bọ́lá ṣe ń fa àga lẹ́yìn Bàbá.

"Sọ fún un kó tú bébà ẹ̀yìn yẹn wò," wọ́n ní. "Kó sì ká a padà dáadáa bó bá ṣe tán."